Kí Ló Dé Tí Ìwé Mímọ́ Fi Sọ Pé Ọlọ́run Gbé Jésù Ga?

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú kíláàsì Bíbélì tí mo ń kọ́ ní Ìbàdàn níbí: bí Jésù bá ti wà pẹ̀lú Ọlọ́run kí ayé tó wà, báwo ni Ọlọ́run ṣe tún gbé e ga, gẹ́gẹ́ bí ìwé Fílípì orí kejì ti wí? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a pa ẹni tó béèrè rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Lójú tèmi, oyè tí a mọ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè yé wa. Ní ìlú wa, Mọ́gàjí ilé ni ènìyàn ń jẹ kí ó tó di Jagun, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti máa gòkè ní ìpele-ìpele, ní ìlà Ọ̀tún tàbí ti Balógun, títí yóò fi kan Olúbàdàn bí ẹ̀mí bá gùn. Nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ ìgbéga, ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ ni ọkàn wa ń rò. Ṣùgbọ́n òkè ni Pọ́ọ̀lù, ẹni tó kọ lẹ́tà yìí sí àwọn onígbàgbọ́ ní ìlú Fílípì, ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ẹsẹ kẹfà, Kristi wà ní àwòrán Ọlọ́run. Ní ẹsẹ keje, ó bọ́ ògo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ìránṣẹ́. Ní ẹsẹ kẹjọ, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbọ́ràn títí dé ojú ikú, àní ikú orí àgbélébùú.

Àwọn tí a kọ lẹ́tà yìí sí kò nílò àlàyé lórí àgbélébùú. Lẹ́yìn ogun tí wọ́n jà nítòsí Fílípì ní ọdún 42 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọmọ ogun Róòmù tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi tẹ̀dó síbẹ̀, ìlú náà sì ń fi jíjẹ́ ti Róòmù yangàn. Ikú ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni àgbélébùú lójú wọn, Késárì sì ni olúwa. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí pé ẹni tí Róòmù kàn mọ́gi ni Olúwa, àti pé ìgbọràn rẹ̀ títí dé ibi ìtìjú yẹn gan-an ni Ọlọ́run torí rẹ̀ gbé e ga gidigidi.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ ni gbólóhùn pé gbogbo eékún yóò wólẹ̀ ní orúkọ Jésù. Inú Àìsáyà 45, ẹsẹ 23, ni Pọ́ọ̀lù ti mú un, níbi tí Ọlọ́run ti búra pé òun ni gbogbo eékún yóò kúnlẹ̀ fún, lẹ́yìn tí ó ti sọ pé kò sí Ọlọ́run mìíràn lẹ́yìn òun. Júù tó mọ Ìwé Mímọ́ bíi Pọ́ọ̀lù kò jẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn lásán. Ohun tí ìgbéga náà ṣe ni pé ó fi hàn ní gbangba, nínú ara tí wọ́n kàn mọ́gi, ògo tí Ọmọ ti ní tẹ́lẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ gbàdúrà bẹ́ẹ̀ nínú Jòhánù 17, ẹsẹ karùn-ún: ògo tí ó ní lọ́dọ̀ Baba kí ayé tó wà ni ó béèrè.

Ìbéèrè kejì a máa tẹ̀ lé e: bí ó bá ti jọba, kí ló dé tí a ṣì ń sin òkú? Sáàmù 110 ti dáhùn ní ẹsẹ àkọ́kọ́. Ẹni tí Olúwa ní kí ó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún òun, ó jókòó títí a ó fi sọ àwọn ọ̀tá rẹ̀ di àpótí ìtìsẹ̀ rẹ̀. Èyí ni pé ó ń jọba nígbà tí ọ̀tá ṣì wà. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, Pọ́ọ̀lù gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ó ní Kristi gbọ́dọ̀ máa jọba títí gbogbo ọ̀tá yóò fi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dárúkọ ikú gẹ́gẹ́ bí èyí tí a ó pa run kẹ́yìn.