Búùtù drysuit: ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi

Àbúrò mi tó wà ní Scotland ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi jókòó síta ní Kúbwà l'Ábújá, wọ́n ti mú iná lọ, ooru ń pa mí kú lọ, òun wá ń bi mí pé búùtù wo ni kóun rà láti fi mòòkùn nínú omi tó tutù bíi yìnyín. Torí mo ti bá wọn mòòkùn lọ́hùn-ún rí kí n tó padà sílé.

Drysuit ni aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ tí omi ò ní lè wọlé rárá, rọ́bà á fún ọrùn àti ọrùn ọwọ́ pinpin, abẹ́ ẹ̀ lẹ máa wá wọ aṣọ òtútù sí. Omi máa ń gba ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ, torí náà afẹ́fẹ́ inú aṣọ yẹn ni bùláńkẹ́ẹ̀tì yín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi á máa fún un pọ̀, ní mítà 10 péré ó ti ku ìdajì, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi bọ́tìnì sáyà tẹ́ ẹ máa tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ míì wọlé, fáàfù tó ń tú u jáde sì sábà máa ń wà lápá òsì lókè.

Ẹ ṣàkíyèsí pé apá ni fáàfù yẹn wà o, kò sí nǹkan kan lẹ́sẹ̀. Ibi tó bá sì ga jù lafẹ́fẹ́ ń sá lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì dorí kodò, tí búùtù yín wá tóbi, ó máa wú bíi fèrè tọ́mọdé ń fẹ́, ẹsẹ̀ á yọ kúrò nínú ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ bíríkìlà ṣe ń yọ nínú réìnbúùtù tí ẹrẹ̀ bá gbá a mú, fins tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn lè bọ́ dànù, afẹ́fẹ́ á wá máa fẹsẹ̀ fà yín lọ sókè kíákíá. Ìgòkè òjijì yẹn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í ṣe eré rárá. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ ká orúnkún mọ́ àyà, ẹ yí ara yín po títí orí á fi padà sókè, kẹ́ ẹ wá tú afẹ́fẹ́ náà. Ẹ fi dánra wò nínú súwíìmínpúùlù lọ́dọ̀ olùkọ́ kẹ́ ẹ tó dé òkun.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni búùtù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ náà, ó yá wọ̀, ó dáa fún ẹni tó ń bẹ́ látinú ọkọ̀ ojú omi. Èkejì ni ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ máa wá wọ bàtà lé e, rock boots ni wọ́n ń pè é. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí okùn bàtà lẹ lè fún dáadáa, afẹ́fẹ́ ò ní ríbi sá sí, ó sì di ọrùn ẹsẹ̀ mú lórí àpáta. Wàhálà ẹ̀ kan ni òkúta wẹ́wẹ́, tó bá há sáàárín ó lè lu ìbọ̀sẹ̀ náà, omi dé nìyẹn. Àwọn kan máa ń so òjé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kó má baà léfòó, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè rẹni.

Ní ti sáìsì, ìbọ̀sẹ̀ nínípọn tẹ́ ẹ máa wọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kó má fún jù o, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè ṣàn, ìbọ̀sẹ̀ á tẹ̀ pẹlẹbẹ, òtútù á wá mú ẹsẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣáà lè mì. Fins náà, ẹ má rà á láìgbé búùtù dání, èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ lè má gbà á mọ́.

Wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan nílò ẹ̀ l'Ábújá. Ti òtútù kọ́, omi Jabi Lake ò tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ sínú oòrùn March níbí ti se ara ẹ̀ jinná. Ẹni tíṣẹ́ ń gbé wọnú omi ìdọ̀tí ló máa wúlò fún, ìyẹn ló sì yẹ kó mú èyí tó ní búùtù rọ́bà lẹ̀ mọ́ ọn, torí rọ́bà rọrùn láti fọ̀.