Ẹ yé pè wọ́n ní adákọ́ṣẹ́: àwòkọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe

Ó ti sú mi láti máa ka "adákọ́ṣẹ́" káàkiri. Ẹnì kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, adákọ́ṣẹ́ ni wọ́n á pè é. Ẹlòmíì wo fídíò títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀, adákọ́ṣẹ́ náà ni. Ta ló wá dá nǹkan kan kọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tó ya fídíò ńkọ́? Ẹni tó jókòó lóru tó ń dáhùn ìbéèrè àjèjì láìgba owó ńkọ́?

"Ìkọ́ra-ẹni-lẹ́kọ̀ọ́" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ akẹ́kọ̀ọ́ di olùkọ́ ara rẹ̀: ṣé ohun tí kò mọ̀ ló máa wá fi kọ́ ara rẹ̀ ni? Ti "aláìkọ́ṣẹ́mọṣẹ́" tí àwọn kan ń lò fún ẹni tí kì í fi iṣẹ́ náà jẹun, èébú pọ́ńbélé ni. Ó ní onítọ̀hún ò kọ́ṣẹ́, kò sì mọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kíkọ́ náà ló ń kọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́.

Àwòkọ́ṣẹ́ lèmi ń pè é: kéèyàn máa wo ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́, kó sì ti ibẹ̀ kọ́ ọ. Wọ́n ti bi mí pé ṣé kò ní dàrú mọ́ àwòkọ́ṣe. Kí ló fẹ́ dà á rú? Àwòkọ́ṣe ni ẹni tí à ń wò. Àwòkọ́ṣẹ́ ni iṣẹ́ tí à ń kọ́ lára rẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohùn nìkan ló ya ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, a ò sì tíì rí ẹni tó wọ ọkọ́ rìnrìn àjò. Àwọn tó sì wonkoko mọ́ "sẹ́ẹ̀fù-tọ́ọ̀tì", ìyẹn self-taught ti Gẹ̀ẹ́sì, mi ò bá wọn jà.

Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe kò ju pé ó sọ ògiri ilé iṣẹ́ agbẹ́gilére di gíláàsì lọ. Tẹ́lẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọlé nìkan ló ń rí bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ igi. Ní báyìí, ẹni tó bá wù lè dúró níta kó máa wò. Ó lè dá ọwọ́ ọ̀gá dúró lókè, ó lè dá a padà sẹ́yìn nígbà ogún, inú ò ní bí ọ̀gá. Àmọ́ ọ̀gá ò gbójú sókè. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níta tó di ọ̀bẹ mú lódì.

Ẹ wo Julius Yego, ọmọ Kẹ́ńyà tó ń ju ọ̀kọ̀. Orí YouTube ló ti ń wo bí Jan Železný àti Andreas Thorkildsen ṣe ń jù ú. Ní 2015, ó ju tirẹ̀ dé mítà 92.72 ní Beijing, ó sì gba wúrà ìdíje àgbáyé. Ni wọ́n bá ní ó dá a kọ́! Ẹni tó ń wo ọ̀gá méjì? Kó tó di ọdún yẹn pàápàá, ó ti lọ sí Fínlándì, sọ́dọ̀ olùkọ́ tó lè fojú ara rẹ̀ rí apá rẹ̀.

Àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹ Ctrl àti U pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nínú Chrome tàbí Firefox tí a fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, kóòdù ojú ìwé tí ò ń wò á jáde síta. Wọ́n á ṣẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì tiwọn, wọ́n á yí àwọ̀ pupa padà sí dúdú, wọ́n á ṣí i wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú rú, wọ́n á wá àmì kóòdù (tag) tí wọ́n ṣí tí wọn ò pa dé. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń fún kóòdù wọn pọ̀ kó lè tètè wọlé. Orúkọ tó nítumọ̀ á di lẹ́tà kan ṣoṣo, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣeé kà mọ́.

Ibi tí adùn wà ni Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí kóòdù, tí Linus Torvalds kọ ní 2005 nítorí iṣẹ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Git kì í tètè gbàgbé. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, àti ìdí tó fi ṣe é bí onítọ̀hún bá láájò. Ìlà tí wọ́n yọ á ní àmì ìyọkúrò níwájú, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ á ní àmì ìròpọ̀. Iṣẹ́ tó ti parí, tó ti ń dán, ni ìwé ẹ̀kọ́ máa ń gbé síwájú ẹni. Níbí, ibi tí ọ̀gá ti kọsẹ̀ gan-an lò ń rí. Wá àbùkù kékeré kan tí wọ́n ti tún ṣe nínú iṣẹ́ tó wà ní gbangba. Gba ẹ̀dà tó ṣáájú àtúnṣe náà, gbìyànjú tìrẹ, kó o tó wo ohun tí ọ̀gá ṣe. Mi ò tíì rí ìwé tó kọ́ni tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní, ti MIT, yunifásítì Amẹ́ríkà nì, ńkọ́, tó kéde ní 2001 pé òun á gbé ẹ̀kọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́? Ó dára. Àmọ́ ẹni tó jókòó gbọ́ olùkọ́ tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ àmúrelé, ìran ló ń wò. Bóyá fídíò ni o tàbí ìwé, ìyẹn ò kàn mí.

Ní ti iná mànàmáná, ọ̀gá tí kò gbójú sókè yẹn lè pani. Fídíò wà tó ń kọ́ èèyàn láti yọ transformer, ohun tó ń sọ iná di alágbára, nínú ẹ̀rọ maikirowéèfù tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná, kí wọ́n fi iná rẹ̀ fa àwòrán ẹ̀ka igi sára pákó. Iná tó ń jáde níbẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 fóòlítì (volt). Ó ti pa èèyàn ní Amẹ́ríkà, débi pé American Association of Woodturners, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ igi, fòfin dè é níbi àpéjọ wọn. Ẹni tó ń wò ó rí ọwọ́ tó ń fa àwòrán. Kò rí ohun tí ọwọ́ náà ń yẹra fún. Ó sì lè má gbọ́ rárá pé kapásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ kan náà, lè di iná mú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú iṣẹ́ yẹn, kó wá ọ̀gá tó lè gbá a lọ́wọ́ kó tó fọwọ́ kàn án.