Owó ìrànwọ́ wà fún àgbẹ̀, kí ló dé tí kò fi lè ra tírákítọ̀?

Àwọn àgbẹ̀ tó ń mú ilẹ̀ sọjí ní Amẹ́ríkà máa ń gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ń fúnni lówó tí a kì í dá padà, kí oúnjẹ oko lè dé ọjà àdúgbò. Bí wọ́n bá wá ṣí fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ náà á tojú sú wọn. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó máa ń dààmú wọn jù jọ síbí.

Ìbéèrè: Irú àgbẹ̀ wo là ń pè ní amúlẹ̀sọjí?

Ìdáhùn: Àgbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ìhòòhò ni. Bó bá kórè tán, á gbin ewéko tó máa bo ilẹ̀ kí òjò má baà gbá a lọ. Kì í túlẹ̀ lemọ́lemọ́. Ó sì ń da ẹran láti pápá kan sí èkejì kí ìgbẹ́ wọn lè di ajílẹ̀. Robert Rodale, ará Pennsylvania, ló jẹ́ kí orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn regenerative, tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980.

Ìbéèrè: Oko ló ń jẹ owó mi. Kí ló dé tí wọ́n fi ń náwó sórí ọjà?

Ìdáhùn: Torí pé ojú ọ̀nà ọjà lowó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní 2023, nínú dọ́là kan tí ará Amẹ́ríkà ná lórí oúnjẹ tó wá láti oko Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, nǹkan bíi sẹ́ǹtì 16 péré ló dé ọwọ́ àgbẹ̀. Àwọn tó ń kó o, tó ń sè é, tó ń dì í, tó ń tà á ló pín ìyókù.

Ẹ wo ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ nínú koríko. Adìẹ ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹyin yẹn tó dé ọwọ́ oníbàárà, ẹnì kan ní láti nù ún, kó gbé e síwájú iná kó lè mọ̀ bóyá ó ti sán, kó tò ó sínú páálí ní méjìlá-méjìlá, kó lẹ orúkọ oko mọ́ ọn, kó sì fi í sí ibi tútù títí di ọjọ́ ọjà. Bí ilẹ̀ ti wù kó lọ́ràá tó, kò lè bá wa ṣe èyíkéyìí nínú iṣẹ́ yẹn. Òun ni owó ìrànwọ́ yìí wà fún. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ọdún 2018 kó àwọn ètò bẹ́ẹ̀ sábẹ́ agboolé kan, ó sì ya mílíọ̀nù 50 dọ́là sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ra tírákítọ̀ tàbí irúgbìn?

Ìdáhùn: Rárá. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Value-Added Producer Grant, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún àgbẹ̀ tó bá fi iye kún ohun tó kórè, ẹ ò lè fi owó náà ra ilẹ̀, ẹ ò lè fi kọ́lé, ẹ ò sì lè fi gbin nǹkan. Ohun tó wà fún ni páálí, ìpolówó, owó iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò ọjà àti owó ṣíṣe oúnjẹ lọ́jọ̀. Ó máa ń dun àwọn àgbẹ̀, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é, kí ló wá dé tí wọ́n ní kí n mú owó tèmi wá?

Ìdáhùn: Wọ́n fẹ́ rí i pé ẹ̀yin náà dá owó sí i. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ètò kan sí èkejì. Nínú Value-Added yẹn, dọ́là kan fún dọ́là kan ni: bí ìjọba bá fún yín ní $40,000, ẹ̀yin náà á mú $40,000 sílẹ̀. Nínú Farmers Market Promotion Program, ìyẹn ètò tó ń gbé ọjà àgbẹ̀ lárugẹ, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ìjọba bá fún yín ni wọ́n ń béèrè: $100,000 tiwọn, $25,000 tiyín. Kì í ṣe owó gidi nìkan ni wọ́n ń kà. Wọ́n lè ka iṣẹ́ àti ohun èlò mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ àti iléeṣẹ́ àgbẹ̀ ni èkejì yìí wà fún, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Mo rò pé àgbẹ̀ kékeré máa ṣe dáadáa bó bá da pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi ò sọ tòmátì mi di ọbẹ̀ inú ìgò. Ṣé wọ́n á kà mí mọ́ ètò Value-Added yẹn?

Ìdáhùn: Ẹ lè wọlé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ èyí rárá. Kì í ṣe sísè nìkan ni wọ́n kà sí fífi iye kún nǹkan. Bí ọ̀nà tí ẹ gbà gbìn ín tàbí tí ẹ gbà sin ẹran bá sọ ọ́ di ohun tí oníbàárà máa san owó púpọ̀ sí i fún, ó tó. Bí ẹ bá sì ń ta oúnjẹ náà nínú ìpínlẹ̀ yín, tàbí kò jìnnà ju máìlì 400 lọ sí oko, ìyẹn náà wúlò.

Ìbéèrè: Ṣé owó náà dájú?

Ìdáhùn: Ẹ má fi gbogbo ara tì í. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ fagi lé ètò tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, tí àwọn iléèwé àti àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní ì bá fi ra nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀ àdúgbò. Ètò mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kan ti gbé ìdáko wọn lé e. Ó ṣì ń dùn mí. Nígbà púpọ̀ pẹ̀lú, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ náwó, kí ìjọba tó san án padà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú, orí ìforúkọsílẹ̀ SAM.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀ tí àwọn tó ń béèrè owó ìrànwọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fún un, ẹ má dá a lóhùn.