Backup kọ́ ni sync: ibi tí fọ́tò orí fóònù ń gbà sọnù

Bí ààyè bá tán lórí fóònù, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí ibi tí fọ́tò wà, wọ́n á máa pa wọ́n rẹ́ lọ, ọkàn wọn á sì balẹ̀ pé ó ṣáà ti wà lórí Google. Ìgbà tí wọ́n bá wá fọ́tò ọmọ wọn lọ sí Google Photos lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òfo ni wọ́n á bá. Kò sẹ́ni tó jí i, áàpù ò sì ṣìṣe. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pa á rẹ́ níbi méjèèjì láìmọ̀.

Backup ni kí ẹ̀dà fáìlì kan wà níbòmíràn, lọ́nà tí ohun tó bá ṣe ti àkọ́kọ́ kò fi ní ran èkejì. Apá kejì yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Fóònù lè bọ́ sómi, olè lè gbé e, ọmọdé lè tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí fódà méjì lórí fóònù kan náà kì í fi í ṣe backup. Mẹ́mọ́rì káàdì tó wà nínú fóònù náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó gbé fóònù ti gbé káàdì. (Àwọn Android kan tilẹ̀ máa ń béèrè bóyá kí wọ́n sọ káàdì di ara ìpamọ́ inú fóònù. Ẹni tó bá gbà, káàdì rẹ̀ ò ní ṣeé kà nínú ẹ̀rọ mìíràn mọ́. Bí fóònù yẹn bá kú, ó parí.)

Sync ní tirẹ̀, dígí ni: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan á ṣẹlẹ̀ lórí èkejì. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ sókè, òun náà á gbọ́wọ́ sókè. Ẹ wo iCloud Photos, ibi ìpamọ́ fọ́tò ti Apple lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: fọ́tò tí ẹ bá pa rẹ́ lórí iPhone á parẹ́ lórí iPad, á sì parẹ́ nínú iCloud fúnra rẹ̀. Á wà nínú Recently Deleted fún nǹkan bí 30 ọjọ́, lẹ́yìn náà ó di àwátì. Google Photos ń fi 60 ọjọ́ sílẹ̀ nínú Trash fún fọ́tò tó ti gòkè sórí àkáǹtì yín tẹ́lẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni bọ́tìnnì. Delete lásán nínú Google Photos ń pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù àti lórí àkáǹtì yín lẹ́ẹ̀kan náà. Delete from device ni ti ẹni tó kàn ń wá ààyè, ti orí fóònù nìkan ló ń pa. Bí fọ́tò bá sì pọ̀, Free up space ni kí ẹ lò: òun fúnra rẹ̀ á ṣa àwọn tó ti gòkè tán, á yọ wọ́n kúrò lórí fóònù, kò sì ní fọwọ́ kan ti inú àkáǹtì. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ rí i pé fódà WhatsApp wà lára ohun tó ń gòkè. Lórí Android, fódà Camera nìkan ni Google Photos máa ń gbé fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù, ẹ̀yin lẹ ó lọ tan wọ́n nínú Settings.

Ààyè náà ní tiẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni Google dáwọ́ ìpamọ́ fọ́tò ọ̀fẹ́ tí kò lópin dúró. Láti ìgbà náà, 15GB ọ̀fẹ́ ni fọ́tò, Gmail àti Drive jọ ń pín lò. Ti iCloud ò ju 5GB lọ. Bó bá kún, fọ́tò tuntun ò ní gòkè mọ́, fóònù á sì máa ya fọ́tò lọ bíi pé kò sí nǹkan kan.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn wáyà. Ẹ so Android mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀ láti òkè, ẹ yan File transfer, torí tí ẹ ò bá yàn án, chárjì nìkan ni wáyà yẹn á máa ṣe. Inú fódà DCIM ni fọ́tò wà. Copy ni kí ẹ ṣe, ẹ má ṣe cut: bí wáyà bá yọ lójú ọ̀nà, cut lè mú kí fáìlì má sí níbì kankan. Lórí iPhone, ẹ ṣí fóònù, ẹ tẹ Trust. Bí ẹ bá ti tan Optimize iPhone Storage, ẹ mọ̀ pé ojúlówó ọ̀pọ̀ fọ́tò yín wà ní iCloud, wáyà ò sì lè kó ohun tí kò sí lórí fóònù.

Fífi fọ́tò ránṣẹ́ sí ara ẹni lórí WhatsApp ńkọ́? WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, ohun tó bá sì ti yọ dànù kì í padà. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, yóò dé bó ṣe wà. Bí fóònù méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, AirDrop ti iPhone tàbí Quick Share ti Android yá ju gbogbo ìyẹn lọ, kò sì ní jẹ dátà. Bí fíláàṣì bá kọ fídíò ńlá tí ààyè sì wà nínú rẹ̀, FAT32, ọ̀nà ìtò fáìlì àtijọ́, ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́; kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4GB. exFAT ń gbà á, àmọ́ ẹ kó ohun inú fíláàṣì náà kúrò kí ẹ tó yí i padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí olè gbé fóònù rẹ̀ lọ á ra òmíràn, á fẹ́ wọ àkáǹtì rẹ̀, Google á ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí laini tó wà nínú fóònù tí olè gbé. Google máa ń fúnni ní backup codes mẹ́wàá, ìyẹn kóòdù ìwọlé tí èèyàn lè tọ́jú sílẹ̀, fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, ẹ má fi wọ́n sórí fóònù. Bí ẹ bá sì ti ti backup WhatsApp pa pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tiyín, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí WhatsApp fúnra wọn ò lè bá yín ṣí i.