Ọ́ìlì wo lẹ dà sínú bíréèkì yẹn?

Ẹnikẹ́ni tó bá tún da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú bíréèkì, tó wá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó pé "Bàbá, ó kàn ń jò díẹ̀ ni", owó ìbínú ni n ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gba owó iṣẹ́.

Mọ́tò ni mò ń tún ṣe báyìí, àmọ́ bàálù ni mo kọ́. Zaria ni mo ti kọ́ ọ, nílé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964. Níbẹ̀, ọ̀gá a máa tan tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu pàìpù tí o bá ṣe. Bó bá rí ibi tó sán pẹ́nrẹ́n, á ní kí o gé e dànù kí o tún un ṣe. Nítorí náà inú mi dùn nígbà tí ọmọkùnrin kan láti apá Ìjerò fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé bàálù tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò wá bá mi. Alájòókòó méjì ni, alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, òkè òkun ló ti ra ohun èlò rẹ̀ ní àpótí-àpótí. Kò tíì fò o. NCAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ò tíì fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ fò títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i. Orí ilẹ̀ ló ṣì ti ń wà á lọ wà á bọ̀. Ohun tó bá wá ni pé bíréèkì ń jò, àti pé bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́, bàálù a yà bàrá sọ́wọ́ ọ̀tún.

Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹnì kan nílé bàbá rẹ̀ ló ń fà á. Wọ́n ti gbààwẹ̀ lórí ẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, bíréèkì táyà wo ló ń jò?" Ó ní ti òsì. Ó parí! Nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, ẹsẹ̀ òsì ló ni bíréèkì òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ni ti ọ̀tún, olúkúlùkù ló sì ní másítà sílíńdà tirẹ̀, ìyẹn ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà. Bí ti òsì bá ti jò tán, tí o wá fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ọ̀tún nìkan ni yóò di táyà mú, ọ̀tún náà ni bàálù yóò sì yà sí. Mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹ́dàlì kan ló ń rán ọ́ìlì sí ọ̀nà méjì, ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi lè máa gbé èyí tó ń jò kiri fún ìgbà pípẹ́ kó máa rò pé kò sóhun tó ṣe é.

Kí onímọ́tò kankan má wí fún mi pé ọ̀rọ̀ bàálù ò kan òun. Malcolm Loughead tó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lórí bíréèkì tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ ní 1917, òun àti Allan àbúrò rẹ̀ ti kọ́ bàálù tiwọn ní Amẹ́ríkà, ó sì ti fò ní 1913. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bíréèkì rẹ̀ tó dé ara mọ́tò.

Bí ẹ ṣe máa gbé bàálù sórí jáàkì, tí ẹ máa tú pàìpù àtijọ́, ẹni tó lè to bàálù ò nílò kí n kọ́ òun. Pàìpù tó ti jò, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ má jó o. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń gé pàìpù ni kí ẹ fi gé e, kì í ṣe ayùn. Ẹ họ inú ẹnu rẹ̀ kó mọ́, kí ẹ ti nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ẹ tó fẹ ẹnu rẹ̀ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbàgbé rí, ẹ mọ ara yín). Ti bàálù, dígírì 37 ni ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀ dé; irinṣẹ́ dígírì 45 tí àwọn onímọ́tò ń lò kò bá a mu, bó tilẹ̀ jọ pé nọ́ọ̀tì wọlé. Téèpù funfun àwọn pọ́ḿbà kò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Irin ló ń fara ti irin níbẹ̀ tí kò fi jò. Fọ́nrán téèpù tó bá já wọnú pàìpù ni yóò lọ dí ojú ihò. Ẹ so pàìpù náà mọ́lẹ̀ dáadáa, torí pé ibi tó bá ti ń ha ara nǹkan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti lu.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Ti mọ́tò, DOT 3, DOT 4 tàbí DOT 5.1 tí ẹ ń rí lára ìgò, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní glycol ni wọ́n fi ṣe é. DOT 5 lásán, tí kò ní .1 níwájú, sílíkóònù nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ sórí àtẹ. Ti bàálù kékeré, MIL-H-5606 ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì pa á láró pupa kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé. Rọ́bà inú bíréèkì bàálù, oríṣi tí wọ́n ń pè ní nitrile ni. Ọ́ìlì pupa bá a lára mu, glycol ló ń bà á jẹ́. Rọ́bà inú bíréèkì mọ́tò, oríṣi mìíràn tí wọ́n ń pè ní EPDM ló pọ̀ jù. Glycol ò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíá tàbí dísù bá fara kàn án, á wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ tíì.

Ọmọ Ìjerò yìí ti da DOT 4 sínú bàálù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ló ní bíréèkì ni bíréèkì ń jẹ́. Mo tú kálípà òsì, ìyẹn apá bíréèkì tó ń fún dísìkì táyà mọ́ra. Rọ́bà róbótó inú rẹ̀ ti rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ mi léèékánná, ó fi dúdú sí i; ọ́ìlì tó ń kán sínú abọ́ kò pupa mọ́, ó ti rú, èérún rọ́bà wà nínú ẹ̀. Pàìpù tó tìtorí ẹ̀ wá, wàràwàrà ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ gbogbo rọ́bà tó wà nínú bíréèkì méjèèjì ló lọ sí i, títí kan ti ọ̀tún tí kò jò rárá, òkè òkun ló sì ti ní láti ra òmíràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò dá kọ́bọ̀ sí i.

Ó tún ku awakọ̀ tó ń ná Adó sí Àkúrẹ́. Wòlíì fún un ní òróró ìyàsímímọ́ pé kó ta á sí ọkọ̀. Ó ta á sí bónẹ́ẹ̀tì, ó ta á sí táyà. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá ṣí ìdérí ọ́ìlì bíréèkì, ó da ìyókù síbẹ̀. Òróró ólífì! Rọ́bà másítà sílíńdà wú, ó bo ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà padà sókè, bíréèkì bá di táyà mú kò tú u sílẹ̀ mọ́. Kó tó dé Ìkéré, èéfín ti gbabẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ló dá ọkọ̀ dúró kí òun má baà kó sí ìjàǹbá tó wà níwájú?

Mo ṣì fara mọ́ tirẹ̀ ju ti àwọn tó ń pera wọn ní mẹkáníìkì, tí wọ́n á fi òòlù tẹ pàìpù tó ń jò pa, tí wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ máa lọ, táyà mẹ́ta ṣì ń ṣiṣẹ́." Kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí àwọn fúnra wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lé afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn tí ẹ ti pààrọ̀ pàìpù bàálù, ẹ ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láti kálípà ni kí ẹ ti máa fa ọ́ìlì tuntun sókè títí á fi dé inú agolo rẹ̀. Òkè ni afẹ́fẹ́ ń lọ, ẹ má bá a jà.

Ẹ má sì sọ pé ó kàn ń kán tótó ni. Bí ọ́ìlì pupa yẹn bá ti gbóná tó 82°C, èéfín tó ń ti ara rẹ̀ jáde ti lè gba iná, dísìkì bàálù tí wọ́n ń fi bíréèkì darí lórí ilẹ̀ sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bó bá kán sí i, iná ni. Ọ́ìlì bàálù mìíràn, MIL-PRF-83282, sàn jù, ó tó 205°C kí tirẹ̀ tó lè gbaná, ó sì bá rọ́bà kan náà mu. Òun ni mo rà fún ọmọ Ìjerò.

Èyí tó bá ń jò, ẹ fà á wá, ẹ má wà á wá. Ẹ gbé ìgò ohun tí ẹ dà sí i dání. Bí ìgò bá ti sọnù, ẹ múra owó gbogbo rọ́bà sílẹ̀, torí mi ò ní máa fi imú gbóòórùn ẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n.