Bí A Ṣe Ń Tún Ògiri Ilé Ìtajà Àtijọ́ Ṣe Láàárín Ìgboro

Bí ilé ìtajà àtijọ́ kan láàárín ìgboro bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ìpìlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Òkè ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń kùn ní gbogbo ìgbà. Àjà òkè ṣófo, tàbí kó jẹ́ páálí ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ewé àti ìyẹ́ ẹyẹlé dí gọ́tà òrùlé, omi kún un, ó ń dà sẹ́yìn wọnú ògiri, kò sì sẹ́ni tó rí i títí àbàwọ́n fi yọ lókè orí àwọn oníbàárà. Nígbà yẹn, orí igi tó ru àjà, èyí tí wọ́n kì bọ inú ògiri, lè ti jẹrà tán.

Nítorí náà, gọ́tà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó kéré tán, kí ẹnì kan gòkè lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, kó da omi sí i, kó sì rí i dájú pé omi náà jáde nísàlẹ̀ páìpù. Àyẹ̀wò tó dáa jù ni kí a jáde lọ wo ilé náà nígbà tí òjò ńlá ń rọ̀ lọ́wọ́. Bí òjò bá dá, kí a wo ẹ̀yìn páìpù: bí ìlà aláwọ̀ ewé bá wà lára ògiri níbẹ̀, páìpù náà ti là lẹ́yìn, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́dà kò dé rí.

Lẹ́yìn omi, mọ́tà, ìyẹn àpòpọ̀ tó wà láàárín bíríkì tó so wọ́n pọ̀, ló kàn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ba ilé jẹ́ jù. Láìmù ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé ẹ̀tọ́ sìmẹ́ǹtì Portland ní England, ó sì pẹ́ lẹ́yìn náà kí sìmẹ́ǹtì tó gbilẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná tó gbóná tó bíi 900°C ni láìmù. Bí wọ́n bá bu omi sí i, á hó yaya, á sì di ohun rírọ̀. Gáàsì kábọ́nì tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di òkúta padà, díẹ̀díẹ̀.

Mọ́tà láìmù rọ̀ ju bíríkì lọ, rírọ̀ yẹn gan-an sì ni àǹfààní rẹ̀. Bí ilé bá mì díẹ̀, mọ́tà ló ń gbà á. Bí omi bá wọ ògiri, ojú mọ́tà ló ń gbà jáde. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì dí ojú yẹn, omi á wá gba inú bíríkì. Iyọ̀ tó wà nínú omi á gbẹ sẹ́yìn awọ bíríkì, á le, á sì máa ti awọ náà jáde. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, sìmẹ́ǹtì á dúró síta bí àwọ̀n, bíríkì á sì ti jẹ wọnú láàárín rẹ̀. Bí ọwọ́ bá kan án, ẹ̀tù pupa ló máa dà sílẹ̀.

Láti tún un ṣe, a máa ya fọ́tò ògiri náà ná, a ó sì bu mọ́tà díẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe rí. Bí a bá kó o sínú ásíìdì, láìmù á yọ́, iyanrìn á sì kù sílẹ̀. (Bí ìkarahun bá wà nínú iyanrìn náà, òun náà á yọ́.) Àwọ̀ iyanrìn yìí àti bí hóró rẹ̀ ṣe rí ni a ó fi wá irú rẹ̀.

Ibi tí mọ́tà ti jẹ nìkan ni a ó gbẹ́, kí jíjìn rẹ̀ tó ìlọ́po méjì sí méjì ààbọ̀ fífẹ̀ rẹ̀. Bí àlàfo bá fẹ̀ tó 10 mm, kí a gbẹ́ ẹ tó 20 sí 25 mm. Òòlù àti ṣísẹ́lì tínínrín ni kí a lò. Gíráńdà, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ yíyí gé nǹkan, yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà lóòró kúrú ju abẹ rẹ̀ lọ. Abẹ á ré kọjá, á ge bíríkì tòkè àti tìsàlẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà kò sì ní pa dé láéláé.

Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni láìmù kan sí iyanrìn mẹ́ta, nítorí pé àyè àárín hóró iyanrìn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, láìmù ló sì ń dí i. Kí omi rẹ̀ má pọ̀; omi púpọ̀ ló ń mú kí mọ́tà sán. A ó fọ eruku kúrò, a ó rin ògiri kó tutù láìro, a ó sì ki mọ́tà ní ìpele ìpele, bíi 6 mm lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni sùúrù. Kí a máa fi àtàǹpàkò tẹ mọ́tà náà wò. Bí ojú ìka bá hàn ṣùgbọ́n tí nǹkan kan kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àkókò ti tó. Kí a wá fi búrọ́ọ̀ṣì líle gún un kì, ká má ṣe fà á. Gígún yìí ló ń dí ibi tó bá fẹ́ sán. Kí a fi àpò júùtì tútù bò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí oòrùn àti atẹ́gùn bá gbẹ ẹ́ kó tó le, ẹ̀tù ni yóò dà. Bí òtútù bá sì ti wálẹ̀ sí 5°C, kí iṣẹ́ dúró.

Ó dáa kí a kọ́kọ́ dán gbogbo èyí wò lórí mítà kan níbùú lóòró, ká jẹ́ kó gbẹ, ká tó gba àwọ̀ rẹ̀ wọlé.

Fífi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn lu ògiri kó lè mọ́ kì í ṣe ìtọ́jú rárá. Awọ líle tí iná iléru fún bíríkì ló ń bó lọ, omi á sì ráyè wọlé. Omi tí kò le púpọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tó.

Irin inú ògiri náà ń fẹ́ àmójútó: tó bá dógùn-ún, á wú, á sì ti òkúta tó bò ó síta. Ìdí nìyí tí ihò pátákó ṣọ́ọ̀bù fi gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tà, kì í ṣe nínú bíríkì, kí ìdè rẹ̀ sì jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún. Mọ́tà ṣeé dí padà nígbà tí ayálégbé bá kó lọ.

Ìwọ̀n àpòpọ̀, ibi tí iyanrìn ti wá, apá ògiri tí a ṣe àti ọjọ́ tí a ṣe é, kí gbogbo wọn wà nínú ìwé kan pẹ̀lú fọ́tò ìbẹ̀rẹ̀, kí ìwé náà sì máa bá ilé lọ bó bá tilẹ̀ pààrọ̀ onílé.