Yíyọ àwọ̀ lára ìwúkàrà: ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ni owó ń bá lọ

Kì í ṣe gbogbo ìwúkàrà ló funfun bí èyí tí wọ́n fi ń wú búrẹ́dì. Rhodotorula àti Phaffia rhodozyma máa ń pọ́n. Èròjà tó ń fún wọn láwọ̀ là ń pè ní kàrótínọ́ìdì. Ti Phaffia ni astaxanthin, èyí tó ń mú ẹran ẹja salmon pọ́n; ti Rhodotorula jẹ́ àdàlù beta-carotene, torulene àti torularhodin. Yíyọ àwọ̀ ni kíkó èròjà yìí jáde láìbà á jẹ́, láìsì náwó ju bó ti yẹ lọ.

Àwọ̀ yìí kì í yọ́ nínú omi. Acetone, ethanol tàbí ethyl acetate ló ń yọ́ ọ, ṣùgbọ́n ògiri sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn èèpo tó yí sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà kọ̀ọ̀kan ká, nípọn, wọn kì í ráyè wọlé dáadáa. Bí a bá da acetone sórí ìwúkàrà tí a kò tíì fọ́, acetone á pọ́n díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì pupa síbẹ̀. Pupa tó ṣẹ́kù yẹn gan-an ni owó tó sọnù. Iṣẹ́ kò tíì parí àfi ìgbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Ní yàrá ìwádìí, ọ̀nà tó rọrùn jù ni ásíìdì àti ooru: fi hydrochloric acid 3 mol/L sórí ìwúkàrà, gbé e sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 3 sí 4, kí o sì gbé e sórí yìnyín lójú ẹsẹ̀. Fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kí acetone tó kàn án. Ẹni tó bá jẹ́ kó pẹ́ lórí iná á rí i pé àwọ̀ ń ṣá, nítorí ásíìdì àti ooru ń ba kàrótínọ́ìdì jẹ́. DMSO (dimethyl sulfoxide), èròjà olómi mìíràn, náà ń la ògiri dáadáa, àmọ́ 189°C ló ti ń hó, kò sì rọrùn láti lé e kúrò. A kò gbà á nímọ̀ràn fún àwọ̀ tí ènìyàn máa jẹ.

Níbi iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ tó ń fi ìfúnpá ti ìwúkàrà gba inú ihò tóóró ló dára. Ní ìfúnpá 100 MPa (megapascal), ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìwúkàrà bá gba inú rẹ̀ kọjá ń fi nǹkan bí 20 sí 25°C kún ooru rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú un tutù láàárín ìgbà kan sí èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọ́n á fọ́ sẹ́ẹ̀lì tán, wọ́n á sì ti fi ooru sun àwọ̀.

Ẹ pín acetone, ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní mílílítà 5 ohun olómi ló máa ń wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nígbà gbogbo, kí a tó da acetone sí i àti lẹ́yìn tí a bá dà á kúrò, tí àwọ̀ sì yọ́ tán sínú rẹ̀. Mílílítà 30 lẹ́ẹ̀kan á fi ìdá kan nínú 7 àwọ̀ sílẹ̀. Mílílítà 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta á fi ìdá kan péré nínú 27 sílẹ̀. Iye acetone kan náà ni! Omi tó pọ̀ nínú ìwúkàrà tútù tún ń sọ acetone di aláìlágbára, torí náà ẹ kọ́kọ́ fún omi rẹ̀ dànù dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ lé acetone kúrò lábẹ́ ìfúnpá kékeré, kí ooru má kọjá 40°C, kí ẹ sì gbà á padà láti tún lò. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá tó kù: ìgò dúdú, náítírójìn lórí rẹ̀, àti fítámì E díẹ̀ nínú rẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan, ẹ wo irú ìwúkàrà tí ẹ ní. Phaffia inú igbó sábà máa ń ní máíkírógíráàmù 200 sí 400 astaxanthin nínú gíráàmù kan tó gbẹ. Kílò kan kò lè fúnni ní ìdajì gíráàmù. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe lè ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bó bá sì jẹ́ oúnjẹ ẹja lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ má yọ àwọ̀ rárá: ẹ fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ẹ mú un gbẹ, ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ, nítorí ẹja kò lè da ògiri tí kò tíì fọ́ nínú.